Àmútọ̀runwá

Aago méjì òru ni Gulbara pè mí láti ilé ìwòsàn.
Ó ní, "Kọ̀ǹpútà yàrá àwòrán ti yadi."
Kò ní ó kú o. Ó ní ó yadi.
Mo dé fìlà onírun bàbá mi,
mo gbé àpótí bàtà tí mò ń kó àlòkù sí,
mo gba orí afárá Naryn kọjá.
Odò ti dì gbagidi. Òtútù yẹn, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Ọmọ darandaran kan ló wà lórí ibùsùn,
Ermek, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹṣin ló gbé e ṣubú.
Àwòrán egungun rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ,
dókítà tó lè kà á wà ní Bishkek,
yìnyín sì ti dí ọ̀nà orí òkè pa.

Mo tú ìdí ẹ̀rọ. Mo rí i:
káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé,
kò tó àtẹ́lẹwọ́,
ihò kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wáyà ń ki orí bọ̀.
Mo fi imú sún mọ́ ọn. Ó ti jóná.
Gulbara ní, "Ohun bíńtín yìí ló dá wa dúró?"
Ìyá, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kọ̀ǹpútà mọ ìṣirò, ó mọ àwòrán,
kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ìta.
Káàdì ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní wẹ́wẹ́,
tó ń dì í ní ìdì-ìdì:
orúkọ ẹni tó ń lọ bá níwájú,
tirẹ̀ tẹ̀ lé e,
òǹkà kan ní ìrù,
kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bí nǹkan bá jábọ́ lọ́nà.
Bí òǹkà ò bá pé, àtànù ni. Kò sí àròyé.
Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀ di iná lójú wáyà,
bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni,
kí o tó ṣẹ́jú, ó ti sọ ọ́ nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Káàdì kan wà nínú àpótí mi.
Sagynbai ọ̀gá mi ló yọ ọ́ lára ẹ̀rọ ilé ìwé tí wọ́n wó,
ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: *Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.*
Ọ̀gá ti kú lọ́dún tó kọjá.

Kò sí káàdì tí kò lórúkọ.
Ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára,
àmì méjìlá, méjì méjì lọ́nà mẹ́fà:
ìdajì jẹ́ orúkọ ìdílé tó rọ ọ́,
ìdajì jẹ́ tirẹ̀ nìkan.
Ilé tó bá wọ̀ á tún fún un ní orúkọ àlejò,
á gbà á padà lọ́jọ́ tó bá ń lọ.
Àmútọ̀runwá yẹn ò ní kúrò lára rẹ̀.

Mo kì í bọ ihò. Mo dè é. Mo tan ẹ̀rọ.
Dídákẹ́.
Lẹ́yìn náà ó ké sínú wáyà: *Ta ni onílẹ̀kùn ilé yìí?*
Ẹ̀rọ ilé oògùn gbọ́, ti akọ̀wé gbọ́,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní yíǹkì pàápàá gbọ́.
Wọn ò dáhùn. Kì í ṣe àwọn ló ń pè.
Ọ̀kan ṣoṣo ló ní, *Èmi nìyí.*
Iná ewé ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà, Bishkek fèsì:
*Ẹ má jẹ́ kó dìde. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán.*
Gulbara tó ti fẹ́ gbé e jókòó
yọwọ́ wàràwàrà bí ẹni fọwọ́ kan ààrò.

Ermek bi mí, "Kí ni káàdì yẹn ń jẹ́?"
Mo ka méjèèjìlá fún un.
Ó ní ó ti gùn jù,
kí n máa pè é ní Kashka,
orúkọ ẹṣin tó gbé e ṣubú.
Mo kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà kí n tó máa relé.